Slip ring àti split ring commutator: ìbéèrè tí àwọn ọmọ SS3 ń bi mí léraléra

Lẹ́sìnnì fisíìsì ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí Takie, fún àwọn ọmọ tó fẹ́ jókòó fún WAEC àti NECO. Ọdọọdún ni ọ̀rọ̀ òrùka méjì yìí ń dá ìjà sílẹ̀ nínú kíláàsì. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe ń dáhùn wọn lójú pátákó.

Kí ni slip ring, kí sì ni split ring commutator?

Slip ring jẹ́ òrùka bàbà tàbí idẹ tó pé yípo, tí kò ní ojú ìlà kankan. Méjì ni wọ́n máa ń wà lórí ọ̀pá kan náà, wọn kò sì fara kan ara wọn. Ẹnu kan lára wáyà kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé yípo) wà lára òrùka àkọ́kọ́, ẹnu kejì wà lára òrùka kejì. Bí kọ́ìlì bá ń yí, òrùka méjèèjì ń bá a yí.

Split ring commutator jẹ́ òrùka kan ṣoṣo tí wọ́n là sí méjì, bí ẹni la gbànja. Àlàfo wà láàárín ìlàjì méjèèjì, iná kò sì gbọdọ̀ gba àlàfo náà kọjá. Ẹnu wáyà kan wà lára ìlàjì kan, ìkejì wà lára ìlàjì kejì. Òun náà ń bá kọ́ìlì yí.

Kí ló dé tí wọn kò so wáyà ìta mọ́ kọ́ìlì tààrà?

Ẹni tó bá ti so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn rí ti mọ ìdáhùn. Ewúrẹ́ á máa yí èèkàn po, okùn á máa wé mọ́ ọn, títí ewúrẹ́ kò fi ní lè gbórí mọ́. Wáyà tí wọ́n bá so pa mọ́ kọ́ìlì tó ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á wé, á sì já kí a tó pajú dé.

Ọ̀rọ̀ wíwé yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tó láti fi dáhùn ìbéèrè. Slip ring àti split ring ló jọ ń gba wáyà lọ́wọ́ wíwé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí ẹ sì dúró sórí wíwé, ẹ kò tíì sọ ohun tó mú kó yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ̀rọ wo ló ń lo èwo?

A.c. ni iná tó ń gba ọ̀nà kan, tó tún ń gba òdìkejì; d.c. ni iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo. A.c. generator ń lo slip ring méjì. D.c. generator àti d.c. motor ń lo split ring commutator. Mọ́tò tí mò ń sọ lójú ewé yìí ni ẹ̀rọ tó ń gba iná kó lè yí, kì í ṣe ọkọ̀ ojú títì.

Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ojú títì ni ẹ ti lè rí òrùka méjèèjì pa pọ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ rewáyà àdúgbò yín, ẹ kí i dáadáa, ẹ ní kó fi inú kick starter hàn yín. Commutator wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ̀ ju méjì lọ. Kó tún fi alternator hàn yín: slip ring méjì tó ń dán wà lórí ọ̀pá rẹ̀. Ọmọ tó bá ti fi ìka kan nǹkan wọ̀nyí kì í ṣì wọ́n mú mọ́ nínú ìdánwò.

Kí ni iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, kí ló sì dé tó fi jẹ́ kábọ́ọ̀nù?

Búrọ́ọ̀ṣì dúró sójú kan, òrùka ló ń yí lára rẹ̀. Sípíríǹgì ń tì í kó lè máa fara mọ́ òrùka nígbà gbogbo. Òun ló ń gba iná láti ara òrùka lọ sí wáyà ìta, tàbí láti ìta wá sára òrùka.

Kábọ́ọ̀nù ń gbé iná kọjá, ó sì ń yọ̀ fúnra rẹ̀ láìsí gírísì. Ó rọ̀ ju bàbà lọ, nítorí náà òun ni yóò jẹ, òrùka kò ní tètè jẹ. Kábọ́ọ̀nù tó jẹ ṣeé rà pààrọ̀ lówó táṣẹ́rẹ́. Òrùka tó jẹ kì í rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni slip ring ń ṣe gan-an nínú a.c. generator?

Ó ń jẹ́ kí ẹnu wáyà kan máa wà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni àlàyé ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo kọ́ìlì onígun mẹ́rin láàárín ojú òòfà N àti ojú òòfà S. Ẹ pe apá kan ní A, ẹ pe ìkejì ní B. Nígbà tí A ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ N, B ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ S, òfin ọwọ́ ọ̀tún ti Fleming (àtàǹpàkò fún ibi tí wáyà ń lọ, ìka ìtọ́ka fún òòfà, ìka àárín fún iná) á sì sọ ọ̀nà tí iná gbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí kọ́ìlì bá yí dé ìdajì, A ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ S, ó ń sọ̀ kalẹ̀, iná inú rẹ̀ sì ti gba òdìkejì. A kò kúrò lára òrùka rẹ̀, òrùka náà kò kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, nítorí náà búrọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ pósítíìfù lẹ́ẹ̀kan di nẹ́gátíìfù. Bí iná ṣe ń yí padà nínú kọ́ìlì ni ìta ṣe ń gbà á gẹ́lẹ́, òun sì ni a.c.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ pé slip ring ń sọ d.c. di a.c. Kò sí d.c. kankan nínú kọ́ìlì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe yìí máa ń dùn mí, torí lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tó kọ ọ́ ti ya àwòrán tó dára, ó sì mọ òfin Fleming bí ẹni mowó.

Kí ni commutator ń ṣe nínú d.c. motor?

Ó ń yí ọ̀nà tí iná gbà nínú kọ́ìlì padà ní gbogbo ìgbà tí kọ́ìlì bá yí dé ìdajì, kí kọ́ìlì lè máa yí síbì kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀. Ká ní A wà lósì, òòfà ń tì í sókè. B wà lọ́tùn-ún, òòfà ń tì í sísàlẹ̀. Kọ́ìlì ń yí nìyẹn. Nígbà tó bá yí dé ìdajì, A ti bọ́ sí ọ̀tún. Bí iná inú A kò bá yí padà, òòfà á ṣì máa tì í sókè, ṣùgbọ́n títì sókè lápá ọ̀tún á dá kọ́ìlì padà síbi tó ti ń bọ̀. Yíyí kò ní ṣeé ṣe, kọ́ìlì á kàn máa mì lọ mì bọ̀.

Commutator ló gba kọ́ìlì sílẹ̀. Bí A ṣe ń bọ́ sí ọ̀tún, ìlàjì òrùka tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì kan, ó bọ́ sára ìkejì, iná inú A sì gba òdìkejì. Nítorí náà, apá yòówù tó bá wà lósì, òòfà á tì í sókè. Èyí tó bá wà lọ́tùn-ún, òòfà á tì í sísàlẹ̀. Ó dà bí àga oyè: ẹni tó ń gun orí rẹ̀ ń yí padà, iṣẹ́ àga náà kì í yí.

Ẹ kíyè sí i pé iná bátìrì kò yí padà, òòfà náà kò yí padà. Inú kọ́ìlì nìkan ni ìyípadà ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó bá kàn kọ pé "ó ń yí iná padà" láìsọ ibi tó ti yí i padà kò tíì dáhùn ìbéèrè.

Ṣé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe nínú d.c. generator?

Òrùka náà kò yàtọ̀, bó ṣe ń gba ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì kan bọ́ sí ọwọ́ ìkejì kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ẹ máa kọ yàtọ̀ pátápátá. Nínú mọ́tò, iná ìta dúró sójú kan, commutator ló mú kí ti inú kọ́ìlì máa yí padà. Nínú generator, iná inú kọ́ìlì ń yí padà fúnra rẹ̀, torí apá tó ń gòkè á tó sọ̀ kalẹ̀. Commutator ń pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹnu wáyà lọ́wọ́ ní àkókò tí iná ń yí padà gan-an, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìta mọ̀ pé nǹkan kan yí. Búrọ́ọ̀ṣì kan wà ní pósítíìfù títí, ìkejì wà ní nẹ́gátíìfù títí.

Ẹ̀yin tó ń bi mí bóyá a lè kọ ọ́ pé commutator sọ a.c. di d.c.: nínú generator, bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá fi kún un pé a.c. inú kọ́ìlì ni, àti pé d.c. wáyà ìta ni. Nínú mọ́tò, rárá. Níbẹ̀, bátìrì ti fúnni ní d.c. tẹ́lẹ̀.

Ipò wo ni kọ́ìlì wà nígbà tí ìyípadà ń ṣẹlẹ̀?

Nígbà tí ojú kọ́ìlì bá dábùú ìlà agbára òòfà ní ìgun 90°. Bí òòfà bá tẹ́ láti òsì sí ọ̀tún bí wọ́n ṣe ń yà á nínú ìwé, ìyẹn ni ìgbà tí kọ́ìlì dúró lóòró. Àlàfo òrùka á wà lójú búrọ́ọ̀ṣì lákòókò náà.

Ibí yìí ni àwọn ọmọ ti ń bá mi jiyàn jù. Wọ́n á ní, "Sà, ìgbà tí kọ́ìlì dúró lóòró ni ìlà òòfà tó gba inú rẹ̀ kọjá pọ̀ jù. Báwo ni e.m.f. ṣe wá jẹ́ òfo?" Iye ìlà tó wà nínú kọ́ìlì kọ́ ló ń mú e.m.f. (agbára tó ń ti iná rìn nínú wáyà) wá, bí iye náà ṣe ń yára yí padà ni. Ẹ ronú sí oko tí wọ́n kọ ebè sí. Ẹni tó ń rìn gbọọrọ nínú poro kò ní gun ebè kankan kọjá, bó ti wù kí ebè pọ̀ tó lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Ẹni tó dábùú oko ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gun ebè kan bọ́ sórí òmíràn. Nígbà tí kọ́ìlì dúró lóòró, apá A àti B ń bá ìlà òòfà rìn gbọọrọ, wọn kò gé ìkankan, e.m.f. sì jẹ́ òfo. Nígbà tí kọ́ìlì bá tẹ́ gbalaja, wọ́n ń dábùú ìlà, e.m.f. sì pọ̀ dé góńgó.

Ìdí tí wọ́n fi ṣètò kí pàṣípààrọ̀ bọ́ sí àkókò òfo yìí kò jìnnà. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ń kúrò lára ìlàjì kan nígbà tí e.m.f. pọ̀, iná á máa ṣẹ́ná pàràpàrà, á sì sun ojú commutator.

Báwo ni graph ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí?

Ti slip ring ń gun òkè, ó ń bọ́ sísàlẹ̀ ìlà òfo, ó tún ń gòkè. Ti split ring, gbogbo òkè wà lókè ìlà òfo. Àwọn tí ì bá wà nísàlẹ̀ ti di òkè bíi ti yòókù. Ẹ má fi rúlà fa ìlà gbọọrọ kan kí ẹ pè é ní d.c. generator. Bátìrì ló ń fúnni ní ìlà gbọọrọ. Kọ́ìlì kan ṣoṣo pẹ̀lú commutator ń fúnni ní òkè lẹ́yìn òkè, ó sì ń kan òfo lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kan.

Ẹ fi ìṣirò yìí dán ara yín wò. Wọ́n wé wáyà kọ́ìlì ní ìgbà 100 (N), fífẹ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ 0.01 m² (A), agbára òòfà jẹ́ 0.2 T (B), ó ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. N, A àti B ibí yìí kì í ṣe ojú òòfà tàbí apá kọ́ìlì ti òkè; ω ni 2π × 50, ìyẹn 314. E.m.f. tó pọ̀ jù = NBAω = 100 × 0.2 × 0.01 × 314 = 62.8 V. Bí ẹ bá fi commutator rọ́pò slip ring, ó ṣì jẹ́ 62.8 V, torí òrùka kì í fi kún e.m.f., kì í sì í yọ níbẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé òkè 50 àti ọ̀gbun 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ti di òkè 100.

Bí kọ́ìlì tó ní slip ring bá wá ń yí ní ìgbà 25, kì í ṣe frequency (iye ìgbà tí iná lọ tó bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) nìkan ló máa dínkù sí 25 Hz. E.m.f. náà á wálẹ̀ sí 31.4 V. Graph yín gbọ́dọ̀ kúrú, kó sì fẹ̀. Ìdajì kíláàsì mi ló ń gbàgbé kíkúrú yẹn.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí?

Michael Faraday ló fi hàn ní 1831 pé òòfà lè mú iná jáde nínú wáyà. Ní 1832, Hippolyte Pixii ní ilẹ̀ Faransé ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ọwọ́ yí òòfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì. Iná rẹ̀ ń yí padà ṣáá, André-Marie Ampère sì dámọ̀ràn pé kó fi commutator sí i.

Báwo la ṣe máa kọ ìdáhùn kó lè gba gbogbo máàkì?

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rò ó yé ara yín. Nǹkan mẹ́rin ni mo ń wá bí mo bá ń máàkì fún àwọn ọmọ mi: kí ló so mọ́ kí, ìgbà wo ni nǹkan yí padà, níbo ló ti yí padà, kí ló sì tìdí rẹ̀ yọ.

Fún mọ́tò, ó lè rí báyìí: "Ẹnu kọ́ìlì méjèèjì so mọ́ ìlàjì òrùka méjì. Ní gbogbo ìdajì yíyí, nígbà tí ojú kọ́ìlì bá dábùú ìlà òòfà, ìlàjì kọ̀ọ̀kan á pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì. Iná inú kọ́ìlì á gba òdìkejì. Nítorí náà kọ́ìlì á máa yí síbì kan náà." Gbólóhùn mẹ́rin péré. Ọmọ kan kọ ojú ìwé kan ààbọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí "ní gbogbo ìdajì yíyí" níbi kankan nínú rẹ̀.

Nínú àwòrán, àlàfo gbọ́dọ̀ hàn kedere. Bí ìlàjì méjèèjì bá fara kanra nínú àwòrán yín, ẹ ti ya òrùka odindi kan tí iná á gbà kọjá láìdé kọ́ìlì rárá. Ẹ fi ọ̀fà sí iná, ẹ kọ N àti S, ẹ sì ya búrọ́ọ̀ṣì sí òdìkejì ara wọn.

Bí a bá fi slip ring rọ́pò commutator nínú d.c. motor ńkọ́?

Kọ́ìlì á yí títí á fi dúró lóòró. Eré tó ti sá á gbé e kọjá díẹ̀, òòfà á fà á padà, á tún kọjá sí òdìkejì díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni á máa mì lọ mì bọ̀ títí á fi dákẹ́ lóòró. Iná ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò kàn ní yí mọ́. Ẹ má kọ ọ́ pé "mọ́tò kò ní ṣiṣẹ́" kí ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ sọ bó ṣe mì àti ibi tó dákẹ́ sí.

Bí iná kò bá dé kọ́ìlì nígbà tó dúró lóòró, kí ló ń gbé mọ́tò kọjá ibẹ̀?

Eré tó ti ń sá bọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò oníkọ́ìlì kan bá ti wà lóòró kí ẹ tó tan iná, kò ní bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, àfi kí ẹ fi ìka ta á.

Ìdí nìyẹn tí kick starter ọkọ̀ fi ní kọ́ìlì púpọ̀ àti commutator olójú púpọ̀. Bí kọ́ìlì kan bá bọ́ sí ipò òfo, òmíràn wà níbi tí agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù, yíyí rẹ̀ sì ń lọ geere.

Mo wo inú jẹnẹrétọ̀ ilé wa, mo rí slip ring, àmọ́ kọ́ìlì tó ń mú iná wá kò yí rárá. Ṣé ìwé ló parọ́ ni?

Ìwé kò parọ́, ohun tó ń yí ni wọ́n pààrọ̀. Nínú jẹnẹrétọ̀ tó ní AVR (ohun tó ń mú kí fólítì rẹ̀ dúró déédéé) àti kábọ́ọ̀nù méjì, òòfà ni wọ́n gbé sáàárín tó ń yí. Òòfà náà fúnra rẹ̀ jẹ́ kọ́ìlì tí wọ́n ń fi d.c. kékeré sọ di òòfà, slip ring méjì yẹn ló sì ń gbé d.c. náà wọlé fún un. Kọ́ìlì ńlá tó yí i ká dúró sójú kan, òun ni a.c. ilé yín ti ń jáde, láìgba ara búrọ́ọ̀ṣì kankan. Bí àwọn ẹ̀rọ ńlá Kainji ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Iná tó pọ̀ kò gbọdọ̀ gba ojú kábọ́ọ̀nù tó ń họ òrùka. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kó gbabẹ̀.

Kíyè sí ohun tí èyí fi hàn: slip ring tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ yín, d.c. ló ń gba ara rẹ̀ kọjá. Nítorí náà slip ring kì í ṣe àmì a.c. Ohun tó bá wọlé ló ń jáde níbẹ̀ bó ṣe wà. Nínú ìdánwò, bí wọn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹ ya kọ́ìlì tó ń yí láàárín òòfà tó dúró.

Blender ń lo iná NEPA tó jẹ́ a.c., síbẹ̀ mo rí commutator nínú rẹ̀. Kí ló dé?

Nínú mọ́tò blender, òòfà tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe òòfà lásán. Kọ́ìlì ni òun náà, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ kọ́ìlì tó ń yí, tí iná kan náà fi ń gba inú méjèèjì. Nígbà tí iná NEPA bá gba òdìkejì, N òòfà di S, iná inú kọ́ìlì tó ń yí náà sì gba òdìkejì. Méjèèjì yí padà pọ̀, nítorí náà ibi tí òòfà ń tì sí kò yí padà. Ẹ fi òfin ọwọ́ òsì ti Fleming dán an wò: ẹ yí ìka òòfà padà, ẹ yí ìka iná padà, àtàǹpàkò á padà sí ibi tó wà.

Commutator ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ bíi ti d.c. motor, torí A ṣì gbọ́dọ̀ yí iná padà bó ṣe ń ti òsì bọ́ sí ọ̀tún. Bí ẹ bá rí iná aláwọ̀ búlúù tó ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ojú ihò ara blender, ojú búrọ́ọ̀ṣì àti commutator nìyẹn. Fáànù òkè ilé yín kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí irú mọ́tò mìíràn ni, kò ní búrọ́ọ̀ṣì kankan.